Òótọ́ Ni Tàbí Irọ́? Ẹ̀rí Tí Àmì Ìdọ́gba Ń Jẹ́

  Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, “Kí ló pa olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ìṣirò?” Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe ni ó fà á. Ẹ̀kọ́ tí mo sì rí kọ́ nínú àṣìṣe náà tóbi ju ohun tí ó yẹ kí n dá nìkan jẹ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan, olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò gba ìsinmi ìbímọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí, ó ní, “Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mójú tó àwọn ọmọ yìí títí ìyá ìkókó yóò fi padà dé.” Mo gbà. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fún wọn ní ìdánwò kékeré tí ó ní ìbéèrè 10. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà nìyí:

8 + 4 = □ + 5

Mo ti kọ àwọn ìdáhùn sílẹ̀ sínú bébà kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì, ìkánjú ni mo sì fi kọ wọ́n. Mo wo 8 + 4, mo kọ 12, mo kọjá lọ. Ọmọ 32 ni ó ṣe ìdánwò náà. Àwọn 31 kọ 12 gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti kọ ọ́, mo sì fún wọn ní máàkì. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó kọ 7 sínú àpótí náà. Mo fi báírò pupa sàmì sí i pé kò gbà á.

Ní àsìkò ìsinmi, ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àáfà, tí mo bá fi 12 síbẹ̀, apá ọ̀hún máa di 17. Ṣé 8 àti 4 ń jẹ́ 17 ni?” Ojú ń kán mi. Mo ní kí ó lọ jókòó, mo ní 8 àti 4 kò lè jẹ́ 7 láéláé. Ó dìde, ó ní, “Ẹ ṣé sà,” ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí mo kírun Ìṣáì tán, ọ̀rọ̀ ọmọ náà tún sọ sí mi lọ́kàn. Mo mú bébà. Mo fi 12 sínú àpótí náà: apá òsì jẹ́ 12, apá ọ̀tún jẹ́ 17. Mo pa á rẹ́, mo fi 7 sí i: apá òsì jẹ́ 12, apá ọ̀tún náà jẹ́ 12. Ara mi bù máṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó gbà á. Àwọn 31 ni wọ́n kùnà, èmi olùkọ́ wọn sì ni mo ṣíwájú wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá kí n lè tún máàkì rẹ̀ ṣe. Ohun tí mo rí nínú ìwé náà ni kò jẹ́ kí n lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Ọmọ náà ti fi rọ́bà pa 7 rẹ́, ó sì ti kọ 12 dípò rẹ̀. Ibi tí ó ti pa á rẹ́ ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ọmọ náà mọ òótọ́, ó sì rí ẹ̀rí òótọ́ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju òótọ́ náà nù nítorí báírò pupa olùkọ́.

Kí ni gbólóhùn oníṣirò?

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti àwọn ọmọ 31 wọ̀nyí, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní gbólóhùn nínú ìṣirò. Bí ẹnì kan bá wí pé “Ìlọrin àti Ọ̀fà”, tí ó sì dákẹ́, a ó máa wojú rẹ̀ ni, nítorí kò tí ì sọ ohunkóhun fún wa. Bákan náà ni “7 + 5” rí. Ohun tí a kó jọ ni, a kò sì tí ì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá wí pé “Ìlọrin wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara”, ó ti sọ gbólóhùn tí ó jẹ́ òótọ́. Bí ó bá wí pé “Ìlọrin wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn”, gbólóhùn ni èyí náà, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 7 + 5 = 12 ṣe jẹ́ gbólóhùn òótọ́, tí 7 + 5 = 13 sì jẹ́ gbólóhùn irọ́.

Oríṣi kẹta tún wà. Bí ẹnì kan bá wí pé “Ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara”, a ó kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni ó wà níbẹ̀?” A kò lè sọ pé òótọ́ ni, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni, títí a ó fi mọ ohun tí “ó” dúró fún. Irú rẹ̀ nínú ìṣirò ni □ + 3 = 10. Bí a bá fi 7 sínú àpótí náà, ó di òótọ́. Bí a bá fi nọ́ńbà mìíràn sí i, irọ́ ni yóò dà. Èyí ni àwọn ìwé ìṣirò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń pè ní gbólóhùn tí ó ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka kéwú dé ibi ìmọ̀ balāghah yóò rántí pé ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá pín ọ̀rọ̀ sí: khabar àti inshā’. Khabar ni ìròyìn. Òun ni ọ̀rọ̀ tí a lè dá ẹni tí ó sọ ọ́ lóhùn pé, “Òótọ́ lo sọ,” tàbí pé, “Irọ́ lo pa.” Inshā’ ni àṣẹ, ìbéèrè, ẹ̀bẹ̀ àti irú wọn. Bí mo bá sọ fún ọmọ pé, “Jókòó,” ó lè jókòó, ó sì lè kọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé irọ́ ni mo pa.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa, inshā’ ni àmì =. Àṣẹ ni wọ́n kà á sí: “Ó yá, ṣe é! Kọ ìdáhùn síbí.” Nítorí náà, bí wọ́n bá ti rí 8 + 4 =, ọwọ́ wọn ti sáré kọ 12, ojú wọn kò sì ní dé ibi tí + 5 wà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, khabar ni àmì náà. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ pé ohun tí ó wà lápá òsì àti ohun tí ó wà lápá ọ̀tún dọ́gba. Ẹni tí ó bá sì fi àmì náà sáàárín ohun méjì ti di ẹlẹ́rìí. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, ó ti jẹ́rìí òdodo. Bí wọn kò bá dọ́gba, ó ti jẹ́rìí èké, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Ibo ni àṣìṣe náà ti wá?

Àwa olùkọ́ àti òbí ni a dá a sílẹ̀. Láti kíláàsì kìn-ín-ní ni a ti ń kọ 3 + 2 = ___ sójú pátákó, a kì í sì í kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ìṣirò wà lápá òsì, àyè òfo wà lápá ọ̀tún, ọmọ yóò sì kọ ìdáhùn sí àyè náà. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti rí èyí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ìṣirò rí. Ẹ̀rọ ìṣirò alápò náà kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí bí a bá ti tẹ = lára rẹ̀, ìdáhùn ni yóò gbé jáde.

Nígbà tí mo padà sínú kíláàsì náà, mo kọ 9 = 4 + 5 sójú pátákó, mo ní kí wọ́n sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ọ̀pọ̀ wọn pariwo pé irọ́ ni. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀kan dá mi lóhùn pé, “Ẹ̀yìn ni wọ́n fi kọ ọ́ sà.” Mo kọ 6 = 6. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní a kò ṣe ìṣirò kankan níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí wà. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Karen Falkner, Linda Levi àti Thomas Carpenter, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ìbéèrè 8 + 4 = □ + 5 yìí kan náà. Nínú àwọn ọmọ 145 tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹfà tí a bi ní ìbéèrè náà, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kọ 7. Àwọn kan kọ 12, àwọn mìíràn sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n kọ 17. Ọmọ tí mo sàmì pupa sí ìwé rẹ̀ rí ohun tí gbogbo àwọn 145 wọ̀nyẹn kò rí.

Ìlà méjì láti Wales, ìwé kan láti Baghdad

Ní ọdún 1557, oníṣègùn àti onímọ̀ ìṣirò kan tí ó jẹ́ ọmọ Wales, Robert Recorde, tẹ ìwé kan jáde. Inú ìwé náà ni a ti kọ́kọ́ rí àmì = nínú ìwé títẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ó ti sú òun láti máa kọ ọ̀rọ̀ ìdọ́gba léraléra, nítorí náà òun yan ìlà méjì tí wọ́n gùn bákan náà tí wọ́n sì nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí kò sí ohun méjì mìíràn tí ó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ ohunkóhun nípa ìdáhùn. Ìdọ́gba nìkan ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí àmì náà dúró fún ti wà tipẹ́ kí Recorde tó yàn án. Ní nǹkan bí ọdún 820, nígbà ìjọba Kálífà al-Ma’mūn ní Baghdad, Muhammad ibn Mūsā al-Khwārizmī kọ ìwé kan lórí al-jabr àti al-muqābala. Láti ara al-jabr yìí ni àwọn Òyìnbó ti mú orúkọ áljẹ́brà. Kò sí àmì kankan nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni al-Khwārizmī fi kọ gbogbo ìṣirò rẹ̀, nítorí náà gbólóhùn ni wọ́n jẹ́ ní tòótọ́.

Al-jabr ni kí a dá ohun tí ó dín padà sípò. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́. Bí a bá ní □ − 5 = 7, apá òsì ti fi 5 dín. A ó dá 5 padà fún un, a ó sì fi 5 kún apá ọ̀tún náà kí a má baà rẹ́ ẹnì kankan jẹ. Yóò di □ = 12. Al-muqābala ni kí a mú iye kan náà kúrò ní apá méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a fi í wo ìbéèrè tèmi. 8 + 4 jẹ́ 12, nítorí náà 12 = □ + 5. Ẹ mú 5 kúrò lápá ọ̀tún, kí ẹ sì mú 5 kúrò lápá òsì. Ó ku 7 = □. Ìmọ̀ tí Mùsùlùmí kan ti kọ sílẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 1,100 ọdún sẹ́yìn ni èmi tí mo kàwé gboyè nínú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù fi báírò pupa fagi lé.

Nígbà tí gbólóhùn irọ́ bá wọ inú ogún

Apá tí ó pọ̀ nínú ìwé al-Khwārizmī ni ó fi ṣàlàyé ogún pínpín. Kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí nínú ogún ni a ti máa ń rí i pé ìdọ́gba kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí àwọn onímọ̀ ogún mọ̀ dáadáa. Obìnrin kan kú. Kò ní ọmọ, bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sì sí láyé mọ́. Ó fi ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì sílẹ̀, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ni òun pẹ̀lú wọn. Ìpín ọkọ ni ìdajì. Ìpín àwọn obìnrin méjèèjì lápapọ̀ ni ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí a bá fẹ́ pín gbogbo dúkìá náà tán láìsí àlékún tàbí àdínkù, gbólóhùn tí a ń sọ ni pé:

1/2 + 2/3 = 1

Ṣé òótọ́ ni? Irọ́ ni. Ìdajì jẹ́ 3/6, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 4/6. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 7/6. Bí dúkìá náà bá jẹ́ ₦420,000, ọkọ yóò béèrè ₦210,000, àwọn obìnrin yóò béèrè ₦280,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦490,000. Ibo ni a ó ti rí ₦70,000 tí ó lé?

Ìtàn sọ fún wa pé irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Kálífà Umar ibn al-Khattāb, tí ó ṣe ìjọba láti ọdún 634 sí 644. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn Sàhábà. Èyí tí wọ́n fẹnu kò sí, tí àwọn mazhabu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dì mú, ni pé kí a pín dúkìá náà sí ọ̀nà 7 dípò ọ̀nà 6: kí ọkọ mú 3, kí àwọn obìnrin mú 4. Orúkọ ọ̀nà yìí ni ‘awl. Nínú ₦420,000 wa, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦60,000. Ọkọ gba ₦180,000, àwọn obìnrin gba ₦240,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì mú ₦120,000. Ní báyìí:

3/7 + 4/7 = 1

Òótọ́ ni èyí. Olúkúlùkù fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìpín rẹ̀, kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ, ìdọ́gba sì padà sípò. Àwọn tí ó pín ogún náà ní láti kọ́kọ́ rí i pé gbólóhùn ìṣáájú kì í ṣe òótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn sáré kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí mo ti ṣe ni, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ ni ì bá gba tirẹ̀ pé, ẹni tí ó kẹ́yìn ni ì bá sì jìyà rẹ̀. (Bí irú ọ̀rọ̀ ogún bẹ́ẹ̀ bá dé bá ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó lọ bá àáfà tí ó mọ ìmọ̀ ogún dáadáa, nítorí bí àjogún kan ṣoṣo bá yí padà, gbogbo ìṣirò náà lè yí padà.)

Èdè wa ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀

Ohun ìyanu ni pé ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó ní ìṣòro yìí rárá. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú nọ́ńbà wa fúnra wọn jẹ́ gbólóhùn oníṣirò. Kí ni à ń sọ nígbà tí a bá pe “mẹ́rìndínlógún”? Ogún tí mẹ́rin dín nínú rẹ̀: 16 = 20 − 4. “Ogójì” jẹ́ ogún lọ́nà méjì: 40 = 20 × 2. “Ọgọ́ta” jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. “Àádọ́ta” jẹ́ ọgọ́ta tí mẹ́wàá dín nínú rẹ̀: 50 = 60 − 10. Ẹ wá wo “márùndínláàádọ́ta”: 45 = 20 × 3 − 10 − 5. Nínú gbogbo wọn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó wà lápá òsì, tí ìṣirò sì wà lápá ọ̀tún. Ohun tí àwọn ọmọ mi ní “ẹ̀yìn ni wọ́n fi kọ ọ́” yìí gan-an ni àwọn baba wa ń sọ lójoojúmọ́ láìlo bébà.

Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ máa pe nọ́ńbà ní Yorùbá láti 11 dé 50, kí ọmọ máa sọ gbólóhùn tí ó wà nínú orúkọ èyíkéyìí tí ó bá ní ìṣirò nínú. Ẹ̀kọ́ méjì ni yóò rí kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èdè àti ìṣirò.

Irọ́ tí à ń kọ láìmọ̀

Àṣìṣe kan tún wà tí àwa àgbà pàápàá máa ń ṣe. Ìyá kan ń ṣírò gbèsè oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà ra ọjà ₦500, ó tún ra ti ₦300, ó sì san ₦200 nínú rẹ̀. Ìyá náà kọ ọ́ báyìí:

500 + 300 = 800 − 200 = 600

Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà: ₦600 ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí ó kọ. Ó ní 500 + 300 dọ́gba pẹ̀lú 800 − 200. Èyí ni pé 800 dọ́gba pẹ̀lú 600. Irọ́ ni. Bí ó ṣe yẹ kí ó kọ ọ́ rèé, ní ìlà méjì:

500 + 300 = 800
800 − 200 = 600

Ẹnì kan lè wí pé, “Kí ni ó burú níbẹ̀, ṣebí owó náà pé?” Owó pé lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń wo ìyá rẹ̀ ti kọ́ pé a lè fi àmì ìdọ́gba sáàárín ohun méjì tí kò dọ́gba. Nígbà tí ó bá dé ilé-ìwé girama, tí wọ́n bá gbé áljẹ́brà síwájú rẹ̀, kò ní mọ ìdí tí ohun tí a bá ṣe sí apá kan fi gbọ́dọ̀ kan apá kejì. Yóò wí pé ìṣirò le. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìtumọ̀ àmì kan ṣoṣo ni kò yé e.

Ní ti èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn gbangba. Bí ọlọ́jà bá kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé 3 × 850 = 2,650, gbólóhùn irọ́ ni, nítorí ₦2,550 ni ó jẹ́. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Àlùkùránì ní sūra kan tí a fi àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ, Sūratu l-Muṭaffifīn. Àmì ìdọ́gba ni òṣùwọ̀n orí ìwé. Ọmọ tí ó bá mọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ní rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, ẹlòmíràn kò sì ní tètè rí i rẹ́ jẹ.

Ẹ dán an wò nílé

Ẹ kọ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má ṣe sọ pé kí wọ́n “ṣe é”. Ẹ bi wọ́n bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé, “Báwo ni o ṣe mọ̀?” Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ.

1. 6 = 6
2. 9 = 4 + 5
3. 8 + 4 = 12 + 5
4. 37 + 48 = 38 + 47
5. 15 − 7 = 7 − 15
6. 6 × 0 = 6
7. 4 × 6 = 3 × 8
8. 5 + 3 = 8 + 2 = 10

Òótọ́ ni ti 1, 2, 4 àti 7. Irọ́ ni ti 3, 5, 6 àti 8. Nínú ìkẹta, 12 ni ó wà lápá òsì, 17 lápá ọ̀tún. Bí ọmọ bá rí i pé irọ́ ni, ẹ ní kí ó sọ ọ́ di òótọ́: ó lè yí àmì náà padà kí ó di 8 + 4 < 12 + 5, èyí tí ó túmọ̀ sí pé apá òsì kéré sí apá ọ̀tún.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìkẹrin. Ọmọ lè ro apá kọ̀ọ̀kan pọ̀, yóò sì rí 85 ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó lè mọ̀ láìrò ó pọ̀. Láti 37 sí 38, ẹyọ kan ni ó fi lé. Láti 48 sí 47, ẹyọ kan ni ó fi dín. Ohun tí apá kan gbà ni apá kejì fi sílẹ̀, nítorí náà ìdọ́gba kò yẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé èyí ti ń ronú bí onímọ̀ áljẹ́brà kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Bí ọmọ bá kéré, ẹ lo ọsàn. Ẹ fa ìlà kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ kó ọsàn 8 àti 4 sí apá kan, kí ẹ kó 5 sí apá kejì. Ẹ ní kí ó kó ọsàn sí i títí apá méjèèjì yóò fi dọ́gba. Yóò kó 7. Bí ẹ bá sì ń ka àmì náà, ẹ má máa ka “jẹ́” nìkan. Ẹ máa ka “dọ́gba pẹ̀lú” nígbà gbogbo, kí etí rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí

Ní ọjọ́ tí mo rí ìwé ọmọ náà, mo kó gbogbo kíláàsì jọ. Mo kọ ìbéèrè náà sójú pátákó, mo fi 12 sí i, mo sì ní kí wọ́n bá mi ro apá kọ̀ọ̀kan pọ̀. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, pé ọmọ yìí sọ òótọ́ fún mi, èmi kò sì gbọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kò rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́rìí èké lórí ìwé rẹ̀ ní gbangba, ní gbangba náà ni ó yẹ kí n ti yí i padà. Mo yọ máàkì ìbéèrè náà kúrò lára ti àwọn tí ó kù, mo sì tún un kọ́ wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo da ìwé ọmọ náà padà fún un, ó wò ó títí, ó ní, “Àáfà, ṣé kí n tún kọ 7 padà síbẹ̀?” Mo ní, “Kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ní kí ó ro apá méjèèjì pọ̀ lójú rẹ.”

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé olùkọ́ ṣì í, ẹ má ṣe sáré pa á lẹ́nu mọ́, ẹ má sì sáré bá olùkọ́ jà. Ẹ mú bébà, kí ẹ jọ yẹ apá méjèèjì wò. Bí olùkọ́ bá ṣì í, ẹ fi ọ̀wọ̀ pè é sí i. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ó ṣì í, òun fúnra rẹ̀ yóò rí i.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi òótọ́ sí ẹnu wa àti sí orí ìwé wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa. Àmín.